Bíbélì Bàbá Tó Ti Tú: Ẹ Má Tíì Sọ Ọ́ Nù

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò ní, "Kí ló kan pásítọ̀ nínú ọ̀rọ̀ páálí àti gọ́ọ̀mù?" Ẹ ṣe sùúrù fún wa díẹ̀.

Màmá kan kọ̀wé sí wa. Opó ni wọ́n. Wọ́n ní Bíbélì kan wà nílé tó jẹ́ ti bàbá ọkọ àwọn, tí ọkọ àwọn jogún, tó sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn báyìí. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Jẹ́nẹ́sísì títí dé ìdajì Ẹ́kísódù ti yọ, Ìfihàn ti dá dúró lọ́tọ̀, rọ́bà ni wọ́n fi de gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn ọmọ ní kí màmá sọ ọ́ nù, wọ́n ní Bíbélì wà lórí fóònù, wọ́n sì ti ra tuntun fún wọn. Ṣùgbọ́n lórí ewé funfun tó wà láàárín Málákì àti Mátíù, bàbá àgbà fi yíǹkì kọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ mẹ́jọ, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn, àti ọjọ́ tí méjì nínú wọn kú. Màmá ní kò sí ibòmíràn tí a kọ ọ́ sí. Ìbéèrè wọn ni pé, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn jó Bíbélì tó ti gbó? Bí kì í bá sì ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?

A ti dá màmá lóhùn. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé irú Bíbélì bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, lórí àga, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ní kí gbogbo wa jọ gbọ́.

Ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní kúrú. Ẹni tó fi ọ̀wọ̀ jó ewé Bíbélì tí ikán ti jẹ tán kò dẹ́ṣẹ̀. Nígbà tí ọba Jèhóíákímù fi ọ̀bẹ gé ìwé Jeremáyà tó sì ń jù ú sínú iná, Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò jóná. Bárúkù jókòó, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ mìíràn sì kún un (Jeremáyà 36). Ohun tó burú lára ọba yẹn ni ọkàn tó fi ṣe é. Bíbélì kì í ṣe oògùn. A sọ èyí nítorí pé àwọn ará kan wà tí wọn kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan Bíbélì tó ti ya, torí pé abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ń gbé e sí kí wọ́n má bàa lá àlá burúkú. Ẹni tí kì í kà á, abẹ́ ìrọ̀rí kò ní ràn án lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó ṣáná sí i, ẹ jẹ́ kí á béèrè bóyá Bíbélì náà ti kú lóòótọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó ṣe ewé inú rẹ̀. Èèpo àti ẹ̀yìn ló bàjẹ́. Ìwé sì lè pààrọ̀ èèpo bí ènìyàn ti ń pààrọ̀ aṣọ. Bí a bá kọ̀ tí a kò tún un ṣe, a mọ ibi tí í máa ń já sí. A ti ra àkàrà rí tí wọ́n fi ewé Ìwé Òwe wé fún wa. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá alákàrà. Ẹnì kan ló gbá ilé lẹ́yìn ìsìnkú, tó ta gbogbo ìwé òkú ní ìwọ̀n kílò.

Olúwa wa bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin, lẹ́yìn náà ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé kí wọ́n kó àjẹkù jọ, kí nǹkan kan má bàa ṣòfò (Jòhánù 6:12). Agbọ̀n méjìlá ni wọ́n kó. Ẹni tó lè sọ búrẹ́dì márùn-ún di púpọ̀ kò ṣaláìní, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n ṣa èérún. Àwa ńkọ́, tó jẹ́ pé bébà tí à ń lò, òkè òkun ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá? Ìjọba dá ilé iṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Jẹ́bà, ní Ìwópin àti ní Oku-Iboku, pẹ̀lú ìrètí pé a ó máa ṣe tiwa. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti já sí. Bí náírà bá ti ṣubú, ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lára ohun tó ń tètè gbówó lórí. Bẹ́ẹ̀ ni páálí, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, ìwé ìpolongo ìsọjí àti ìwé ìsìn ọ̀sẹ̀ tó lọ kún ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, tí à ń kó wọn jó.

ÀLÒKÙ TÓ DI ẸLẸ́RÌÍ

Àwọn Kristẹni ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ní ayé ìgbà Olúwa wa, ìwé kíká, tí à ń ká bí ẹní, ni wọ́n ń kà nínú sínágọ́gù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọ ṣì wà ní kékeré, ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, àwọn onígbàgbọ́ ti fẹ́ràn ìwé oní-ewé, èyí tí a ṣẹ́po tí a sì rán ní ẹ̀yìn bí irú tiwa, nígbà tí àwọn yòókù láyé ṣì ń ká ìwé tiwọn. Pọ́ọ̀lù pàápàá, nínú ẹ̀wọ̀n, ránṣẹ́ pé kí Tímótì mú aṣọ òtútù òun wá, pẹ̀lú àwọn ìwé, pàápàá jù lọ èyí tí a fi awọ ṣe (Tímótì Kejì 4:13). Ikú ń bọ̀, òtútù ń mú, ó sì ń bèèrè ìwé!

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, àwọn àgbẹ̀ tó ń wa ilẹ̀ ọlọ́ràá ní ìtòsí ìlú Nag Hammadi ní Íjíbítì hú ìkòkò amọ̀ kan. Ìwé àtijọ́ mẹ́tàlá ló wà nínú rẹ̀, tí a fi koríko etí odò Náílì ṣe ewé wọn, tí a sì fi awọ bò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ kedere kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì wá gbọ́: ẹ̀kọ́ tó wà nínú púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ àwọn Àpọ́sítélì, a kò sì rán ẹnikẹ́ni pé kó lọ kà á. Èèpo wọn ni à ń wò. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé tú èèpo náà wò, wọ́n rí ohun tó mú awọ náà le. Àlòkù ìwé ni: lẹ́tà, ìwé ẹ̀rí owó, àkọsílẹ̀ ìṣirò, tí adìwé fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra wọn títí wọ́n fi nípọn bí páálí. Nínú èèpo ọ̀kan lára wọn, wọ́n bá ọjọ́ lórí àlòkù náà, ti ọdún 341, 346 àti 348. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé a kò lè ti di ìwé náà ṣáájú ọdún 348. Ìwé tí ẹnì kan ti kà sí ìdọ̀tí ló wá jẹ́rìí lẹ́yìn ẹgbẹ̀jọ ọdún. Ìròyìn sì sọ pé nígbà tí wọ́n gbé àwọn ìwé náà délé, wọ́n ti fi lára ewé wọn dáná kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́.

Ẹ wo èkejì. Ní ọdún 1104, wọ́n ṣí pósí Cuthbert, bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan, ní ìlú Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì bá Ìhìnrere Jòhánù kékeré kan nínú rẹ̀. Ìwé náà ti tó ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún ọdún báyìí, òwú tí wọ́n fi rán an níbẹ̀rẹ̀ ṣì dì í mú. Irú rírán tí àwọn Kristẹni Íjíbítì ń rán ìwé ni wọ́n rán an. Ní ọdún 2012, British Library rà á ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án pọ́n-ùn. Òwú àti abẹ́rẹ́ ni o, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọdún 1850 ni ìwé Róòmù tí Samuel Ajayi Crowther túmọ̀ jáde ní èdè Yorùbá. Ọdún 1884 ni Bíbélì Yorùbá lódindi jáde. Iye ọdún tí ó gbà kí àwọn baba wa tó lè di Bíbélì odindi mú lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Ó yẹ kí èyí jẹ́ kí á rọra fọwọ́ mú èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa.

BÍ A TI Ń ṢE É

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò kan gọ́ọ̀mù rárá. Ẹ jókòó ti Bíbélì náà, kí ẹ ka ewé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ tò ó bó ti yẹ. Ewé tí bàbá kọ orúkọ àwọn ọmọ sí, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ dà á kọ sínú ìwé mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àgbàlagbà kan bá ṣì wà nínú ìdílé, ẹ pè é wá kó bá yín ka ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Ẹ ó gbọ́ ìtàn tí ẹ kò gbọ́ rí, gẹ́gẹ́ bí màmá yẹn ti kọ̀wé padà sí wa pé ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé bàbá wọn ní ìbejì tó ti kú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo orí ẹ̀yìn ìwé náà dáadáa. Bíbélì àtijọ́ púpọ̀ ni a rán ní ìdì-ìdì, ìyẹn ni pé a ṣẹ́ ewé mélòó kan po, a fi ọ̀kan sínú èkejì, a wá rán ìdì kan mọ́ èkejì. Ti òde òní mìíràn jẹ́ ewé ẹyọ ẹyọ tí a kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ní ẹ̀yìn. Èyí tí a rán ni iṣẹ́ rẹ̀ dùn jù. Bí òwú rẹ̀ bá ṣì le, ẹ má tú u! Èèpo nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ rọra gé èèpo àtijọ́ kúrò. Bí gọ́ọ̀mù àtijọ́ bá gan mọ́ ẹ̀yìn ìwé, ẹ fi sítáàṣì tútù kùn ún, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, yóò rọ̀, ẹ ó sì lè fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á.

Nípa gọ́ọ̀mù, ọwọ́ àwọn ìyá wa ló wà. Sítáàṣì tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tí à ń fi sínú aṣọ kó lè le, ni. Ife kan sítáàṣì sí bí ife márùn-ún omi. Ẹ fi omi tútù pò ó kó má ṣe ní kókó, ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́, ẹ máa rò ó títí àwọ̀ funfun rẹ̀ yóò fi yí padà, tí yóò máa dán. Bó bá tutù, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Kò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó kan, nítorí náà ìwọ̀nba ni kí ẹ sè. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tí ẹ mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò rántí pé láfún ni wọ́n ń sè fún un, tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sí i. Ti ìwé kò gba álọ́ọ̀mù o, torí ó ń mú kí bébà pọ́n, kó sì máa kán. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà fi ń lẹ̀ pákó dára fún ẹ̀yìn ìwé nìkan, nítorí ó máa ń tẹ̀, kì í kán. Ẹ má fi kan ewé, nítorí ẹni tó bá fẹ́ tún ìwé náà ṣe lẹ́yìn yín kò ní lè tú u.

Sẹ́lótéèpù ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e jìnnà. Kò sí ohun tó ba Bíbélì jẹ́ nínú ilé wa tó sẹ́lótéèpù. Lónìí ó dára, lẹ́yìn ọdún mélòó kan yóò pọ́n, yóò ṣí kúrò, gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò sì ti wọnú bébà, ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò dà bí ohun tí epo ta sí. Ewé tó ya, bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ ya á tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e, nítorí etí tí a fi ọwọ́ ya máa ń mọ́ ewé lára dáadáa. Ẹ fi sítáàṣì díẹ̀ kùn ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ya. Bó bá gbẹ, ẹ ó ka ọ̀rọ̀ láti abẹ́ rẹ̀.

Rírán ló kù. Òwú tó dára ni òwú gidi tó le. Òwú ọ̀rá máa ń gé bébà. Ẹ fi ìda oyin tàbí àbẹ́là fa òwú náà kó má bàa máa lọ́ pọ̀. Ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta lára aṣọ funfun tó ti gbó, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tàbí etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹ nà wọ́n dúró ní ẹ̀yìn ìwé. Lẹ́yìn náà ẹ mú ìdì àkọ́kọ́, ẹ ṣí àárín rẹ̀. Bí ihò àtijọ́ bá ṣì wà, òun náà ni kí ẹ lò. Bí kò bá sí, irin ẹnu ṣóńṣó tí aránbàtà ń lò ni kí ẹ fi lu òmíràn. Abẹ́rẹ́ yóò wọlé láti ẹ̀yìn ní ìpẹ̀kun kan, yóò jáde ní ẹ̀gbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ, yóò fò ó kọjá, yóò tún wọlé, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi jáde ní ìpẹ̀kun kejì. Ẹ wá gbé ìdì kejì lé e lórí, kí ẹ máa rán an padà bọ̀. Ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gun òkè, ẹ fi abẹ́rẹ́ kọ́ òwú ìdì tó wà nísàlẹ̀. Àṣírí iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìwé tí kò ní ìkọ́ yìí lè dúró fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ìdì kan yóò yọ, ìyókù yóò sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sì ń fa òwú, apá ibi tí ẹ̀ ń rán lọ ni kí ẹ fà á sí, kì í ṣe síwájú ara yín. Bébà Bíbélì fẹ́lẹ́, kíá ni yóò ya. Suuru ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Bàbá tó máa ń kánjú, kó fi sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Bí rírán bá parí, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun kùn ẹ̀yìn ìwé náà, kí ẹ lẹ aṣọ fẹ́lẹ́ kan mọ́ ọn tó gbòòrò kọjá ẹ̀yìn ní ínṣì kan lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Lórí rẹ̀, ẹ lẹ bébà àpò sìmẹ́ǹtì, bí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ oníbébà. Bébà yẹn le gan-an. Òun ni àwọn òbí wa fi ń bo ìwé wa nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù pátápátá kí ẹ tó lò ó.

Fún èèpo, páálí tó ní ihò-ihò nínú kò dára fún Bíbélì, torí ó máa ń rún. Páálí líle tó wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà tàbí nínú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, tàbí fáìlì àtijọ́, ló dára. Bó bá fẹ́lẹ́, ẹ ṣe bí àwọn ará Íjíbítì ti ṣe: ẹ lẹ kàlẹ́ńdà ìjọ mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀, kí ẹ gbé ẹrù lé e títí yóò fi gbẹ. Ẹ kíyè sí i pé bébà ní iṣan bí igi. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó rí i pé apá kan rọ̀ ju èkejì lọ. Iṣan náà gbọ́dọ̀ lọ láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èèpo yóò ká bí ewé gbígbẹ.

Arákùnrin kan bi wá bóyá ó tọ́ kí ìwé ìròyìn ayé wà nínú èèpo Bíbélì. Bébà ni, ará. Gọ́ọ̀mù yóò bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ yọ àwòrán tí kò bójú mu kúrò, nítorí àwọn ọmọdé tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ sì rántí láti fi bébà funfun bo inú èèpo. A rí ìwé orin kan tí ọ̀dọ́kùnrin kan fi pósítà olóṣèlú dì, tó gbàgbé láti bo inú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí akọrin bá ṣí ìwé láti kọrin ìyìn, olóṣèlú á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Ẹ gé páálí méjì, kí wọ́n fi bíi mìlímítà mẹ́ta tóbi ju ewé lọ ní òkè, ní ìsàlẹ̀ àti níwájú. Ẹ gé ẹ̀kẹta tẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹ̀yìn, kí àlàfo bíi mìlímítà méje wà láàárín rẹ̀ àti àwọn méjì náà, kí ìwé lè ṣí. Aṣọ tí yóò bò wọ́n kò wọ́n. Ẹ lọ bá aránṣọ àdúgbò, àjákù àǹkárá kún abẹ́ máṣíìnì rẹ̀. Èyí tó dúdú díẹ̀ ló dára jù nítorí ọwọ́. Màmá tí a ń sọ nípa rẹ̀ lo aṣọ ẹbí tí wọ́n dá fún ìsìnkú bàbá. Ẹ fi sẹ̀ntímítà méjì sílẹ̀ yí ká láti ṣẹ́ sínú, ẹ gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù ní ìdábùú kí wọ́n má bàa wú. Ẹ wá fi àwọn ewé funfun ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin lẹ ìwé mọ́ èèpo.

FÚN ÀWỌN ỌMỌ

Ní òpin ọdún ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ṣí àpò àwọn ọmọ yín wò. Ìwé ìṣirò tí wọ́n lò dé ìdajì, ìwé ìyàwòrán tí wọ́n lo ojú ewé mẹ́ta rẹ̀. Ẹ já àwọn ewé tó mọ́ láti àárín ní méjì-méjì, ẹ ṣẹ́ wọn po ní ìdì, kí àwọn ọmọ rán wọn bí a ti wí yìí, kí wọ́n fi páálí kọnfilẹ́èkì ṣe èèpo. Ó lè jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ìwàásù, ó lè jẹ́ ìwé ẹsẹ Bíbélì àkọ́sórí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè ṣe é. A ti rí i pé ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ìwé kì í tètè sọ ọ́ nù.

Ewé tí a ti kọ nǹkan sí lójú méjèèjì náà kò ṣòfò. Ẹ ya á wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ gún un nínú odó àlòpatì, kì í ṣe odó iyán. Ẹ pò ó mọ́ omi púpọ̀ nínú agbada. Ẹ kan pákó mẹ́rin pọ̀, ẹ na nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lé e, ẹ rì í sínú omi náà kí ẹ sì gbé e sókè ní títẹ́jú. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń sẹ́ ògì yóò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ dojú rẹ̀ dé sórí aṣọ, ẹ sá a. Bébà tó nípọn, tó rí páńsá-pàǹsà, ni ẹ ó rí, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí eérú bó bá jẹ́ ìwé ìròyìn. Káàdì ìkíni ló dára fún ju ìwé kíkọ lọ.

A kò sọ pé ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí yóò di olówó o. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ìwé orin ìjọ wà, àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó àti ti ìfọmọfún Olúwa wà, ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wà, gbogbo wọn ló ń fẹ́ adìwé, adìwé kò sì pọ̀ mọ́ láàárín wa. Ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kò ní jókòó lásán. Bésálẹ́lì kò wàásù lọ́jọ́ kan tí a rí kà, síbẹ̀ òun ni Ìwé Mímọ́ sọ pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún fún iṣẹ́ ọwọ́ (Ẹ́kísódù 31). Ìdí rèé tí a kò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ fún ọ̀dọ́ pé iṣẹ́ orí pẹpẹ nìkan ni iṣẹ́ Ọlọ́run.

Ohun kan kù nípa ìtọ́jú. Sítáàṣì jẹ́ oúnjẹ fún aáyán àti kòkòrò. Ẹ má gbé ìwé sí ara ògiri tútù tàbí sórí ilẹ̀. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ nínú àpótí dára, ṣùgbọ́n kí a máa gbé ìwé náà jáde, kí a máa ṣí i, kí a máa kà á, ló dára jù.

Bí ẹ bá parí èèpo, ẹ fi bébà gbígbẹ sí àárín èèpo àti ewé, ẹ gbé ìwé sáàárín pákó méjì, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù tàbí àpò ìrẹsì lé e. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì, bí òjò bá sì ń rọ̀, kó di ọjọ́ kẹta. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí i láàárín lójijì, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò kán. Ẹ gbé e dúró lórí ẹ̀yìn rẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ kọ́kọ́ ṣí èèpo iwájú sílẹ̀, lẹ́yìn náà ti ẹ̀yìn. Ẹ mú ewé díẹ̀ níwájú, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ibi tí a rán. Ẹ mú díẹ̀ lẹ́yìn, ẹ tẹ̀ ẹ́ bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é, díẹ̀ níwájú, díẹ̀ lẹ́yìn, títí ẹ ó fi dé àárín, níbi tí Sáàmù wà.